Ó Há Síbo?

Láàárọ̀ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, mo tẹ bọ́tìnnì lápútọ́ọ̀pù mi nílé wa ní Ìlaròó, mo sì lọ gbé omi kaná. Nígbà tí mo padà dé, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló wà lójú rẹ̀, tí àwọn rògòdò funfun kéékèèké ń sáré yípo lábẹ́ àmì náà. Mo fọ aṣọ tán, wọ́n ṣì ń yípo. Mo jẹ ẹ̀bà, mo fọ abọ́, wọ́n ṣì ń yípo. Ìgbà tó máa fi di ọ̀sán, àyà mi ti ń já.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dún àṣekágbá bíi tèmi á ti mọ ìdí rẹ̀. Prójẹ́ẹ̀tì mi wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe orí kìíní àti orí kejì ni mò ń wí o. Ìyẹn wà nínú ímeèlì olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, pẹ̀lú gbogbo ìlà pupa tó fà sí i. Ohùn ni mò ń sọ. Wákàtí mẹ́rìnlá ohùn àwọn àgbà Yewa tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ. Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ 400 ti Ìbàdàn tí gbogbo wa mọ̀ dunjú sí wọn létí, wọ́n sọ bí àwọn ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Ìyá kan ní Ayétòrò fi odindi wákàtí méjì sọ bí wọ́n ṣe máa ń ná ọjà Pọ̀bẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bí ẹni pé ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 kò sí níbẹ̀ rárá. Fóònù mi ti kún nígbà náà. Mo kó ohùn wọn sórí lápútọ́ọ̀pù, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Ìyá náà kú ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú àárọ̀ Sátidé tí mò ń wí yìí.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíì. Mo ti bi ara mi.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìgboro Ìlaròó. Arákùnrin tó jókòó síbẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe é. Mo ní, "Ó ń háàǹgì." Kò ṣí i. Kò tàn án. Ó ní, "Àǹtí, a máa fọ́ọ́màtì ẹ̀ ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ." Mo ní àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé: "Ẹ gbàgbé fáìlì. Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ àbí ẹ ò fẹ́?"

Mo gbé lápútọ́ọ̀pù mi, mo bínú lọ. Títí mo fi délé ni mò ń bú arákùnrin náà nínú ikùn mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo rí i pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò dáa. Ó bi mí ní ìbéèrè, èmi sì fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò nítumọ̀ kankan. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti kúrò ní ẹ̀ka wa: "háàǹgì" ni ọ̀rọ̀ tó ń ba kọ̀ǹpútà wa jẹ́ jù. Àwa tá a ń kọ́ nípa èdè ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa tó ń jẹ́ "há". Eegun ẹja há sí i lọ́fun. Ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ há sáàárín pákó. Ẹ ò lè dédé sọ fún èèyàn pé "ó há" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ yín á ní, "Ó há síbo?" Kódà ìyá àgbà tí kò rí ilé ìwé rí á bèèrè. Ibi tí nǹkan há sí wà lára ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn; bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, gbólóhùn náà dúró lẹ́sẹ̀ kan. "Háàǹgì" tá a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì jọ ọ́ létí, ṣùgbọ́n wọn ò bára tan, kò sì bèèrè ibi kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ó ń háàǹgì." Ó parí. Olówó ẹ̀rọ sọ ọ́, alátùn-únṣe gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì rò pé àwọn ti gbọ́ ara wọn yé.

Bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, àìsàn márùn-ún ni mo ti gbọ́ tí wọ́n pè ní háàǹgì ní họ́sítẹ́lì wa nìkan. Èyí tí iná rẹ̀ ń tàn àmọ́ tí ojú rẹ̀ dúdú. Èyí tó há sójú àmì ilé iṣẹ́, tí kò sí rògòdò kankan lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń yípo bíi tèmi. Èyí tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn. Àti èyí tó gba ọ̀rọ̀ ìwọlé tán pátápátá kó tó dákú. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò wọ́n tán lójú yín yìí, mi ò sì gbé ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ti ṣiṣẹ́ ńlá lórí ède-ìperí, títí dé èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, láìsí wọn a ò bá má mọ ohun tá a fẹ́ pe àpólà tàbí fóníìmù. Ṣùgbọ́n níbi tọ́rọ̀ dé yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tuntun tá a nílò. Àwọn tó wà nílẹ̀ la ò lò.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé "boot" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìtanijí kọ̀ǹpútà wá láti ara okùn tó wà lẹ́yìn bàtà gígùn, èyí téèyàn fi ń fa bàtà wọ̀. Àwọn ló ní èèyàn ń fi okùn bàtà ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde, torí kọ̀ǹpútà ní láti lo ètò kékeré kan kó tó lè rí ètò ńlá lò, kò sì sí ẹlòmíì tó máa bá a gbé e. Yorùbá ti ní "gbéra". Gbé ara. Ohun kan náà gan-an, láìwọ bàtà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ pé kọ̀ǹpútà kò lè gbéra, ká wá bèèrè ibi tó ń bá a dé kó tó há.

Torí pé ọ̀nà ni ó ń rìn. Ẹ fi wé ọkọ̀ tó ń ti Ìlaròó lọ sí Èkó. Ó máa kan Papalantó, ó máa kan Ìfọ̀, ó máa kan Ṣàngó. Tí wọ́n bá pè yín pé ọkọ̀ dúró lọ́nà, ṣé ẹ ò ní bèèrè ibi tó dúró sí kẹ́ ẹ tó rán mẹkáníìkì?

Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ètò kékeré tó wà lára pátákó inú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní BIOS tàbí UEFI, ló máa kọ́kọ́ jí. Ó máa yẹ ara wò: ṣé ìrántí wà, ìyẹn RAM, ṣé kíbọ́ọ̀dù wà, ṣé dísìkì wà. Papalantó nìyẹn. Tó bá há síbẹ̀, tí àmì ilé iṣẹ́ dúró gbagidi, kò tíì dé ọ̀dọ̀ Windows rárá. Ẹ wá wò ó: Windows lẹ fẹ́ fọ́ọ́màtì, Windows ò sì tíì jí. Ó dà bí ẹni tó ń kun ilé ní ọ̀dà torí pé géètì ò ṣí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ò náwó: ẹ yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, fílásì, módẹ́ẹ̀mù, máòsì, káàdì inú kámẹ́rà. Fílásì kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́ lè dá ẹ̀rọ dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣe é yọ, ẹ di bọ́tìnnì náà mú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ tún un tàn. Tí kò bá gbọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí lè yọ RAM, kó fi rọ́bà tá a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà, kó sì tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Ọ̀nà Ìlaròó ní eruku, ẹ̀yin náà mọ̀.

Tó bá kọjá ibẹ̀, á wá ohun tó máa gbé e lọ síwájú, dísìkì tàbí fílásì. Ibi tí ó ti ń jáde ní ojú dúdú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun pé òun ò rí nǹkan kan láti bá gbéra nìyẹn. Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé sọ́dọ̀ wa lè sọ ọ́ lédè Faransé pàápàá. Tèmi ní kíbọ́ọ̀dù Faransé, tí A wà níbi tó yẹ kí Q wà. Ọdún kejì rèé tí mò ń tẹ "qzon" dípò "àwọn". Ní ibi tí a dé yìí, dísìkì ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ gbé etí sí i. Tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án lẹ̀ ń dín ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kù.

Ṣàngó ni tèmi ti há. Rògòdò ń yí, ó túmọ̀ sí pé a ti rí dísìkì, Windows ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ wọlé, ó sì kọsẹ̀ lára ẹrù kan. Nígbà tí mo ronú padà, mo rántí pé lálẹ́ Fúráìdé, nígbà tó ń ṣe àtúnṣe tí Windows máa ń fi ránṣẹ́, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ara ògiri ló ń gbé. Àtúnṣe náà dé ìdajì, ó dúró níbẹ̀. Kò sí nǹkan míì tó ṣe é.

Ẹ gbọ́, irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ 19 oṣù Keje 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ètò ààbò fún kọ̀ǹpútà, fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí tiwa. Láàárín ìṣẹ́jú 78 wọ́n ti fà á padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Microsoft ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ ló kàn. Wọ́n ń gbéra, wọ́n ń ṣubú, wọ́n tún ń gbéra. Ọkọ̀ òfurufú dúró, ilé ìwòsàn àti báńkì dúró láwọn ibì kan. Báwo ni wọ́n ṣe wá tún un ṣe? Wọ́n wọ ọ̀pọ̀ lára wọn ní Safe Mode, níbi tí Windows ti ń gbé ìwọ̀nba ẹrù tó pọn dandan, wọ́n wọ inú fódà CrowdStrike, wọ́n pa fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́, wọ́n sì tún un tàn. Fáìlì kan ṣoṣo. Èèyàn ní láti jókòó síwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kó fọwọ́ ṣe é, ó ni wọ́n lára, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n mọ ibi tó há sí, kò sí ìdí láti nu dísìkì kankan.

Ayétòrò ni wọ́n ti bá mi tún tèmi ṣe. Mo lọ síbi àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá tí mo sọ, mo sì gbé ẹ̀rọ náà dání, bóyá torí pé mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ nílé. Ọmọ-ọmọ ìyá náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe kí wọ́n tó bí èmi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí? "Ọmọ mi, ibo ló ń bá a dé kó tó dúró?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo dì mọ́ bàbá yẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, títí kan iná tó lọ. Ó gbé etí sí dísìkì, kò gbọ́ ariwo kankan.

Kò fọwọ́ kan Windows o. Ó ní ká kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Ó ní fílásì kan tó fi Linux Mint sí. Ó ní kí ẹ̀rọ gbéra láti ara fílásì yẹn dípò dísìkì. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ tẹ F9 bẹ́ ẹ ti ń tan HP, tàbí F12 lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, ẹ á rí ibi tẹ́ ẹ ti máa yàn.) Ojú ẹ̀rọ ṣí bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. A wọ inú dísìkì, a rí fódà mi. Gbogbo wákàtí mẹ́rìnlá ò tó gígábáìtì 5. Mo wo ìlà aláwọ̀ ewé yẹn bó ṣe ń gùn díẹ̀díẹ̀, mi ò lè jókòó. Ẹ̀yin tí Windows 11 wà lórí tiyín, ẹ ṣọ́ra níhìn-ín: púpọ̀ nínú wọn ló ti ti dísìkì pa fúnra wọn, nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, inú àkáǹtì Microsoft yín ló sì máa ń wà. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí tí ara rẹ̀ ṣì le.

Ìyókù ò gba àkókò. Ó tan Windows, bí rògòdò ṣe fẹ́ máa yí, ó di bọ́tìnnì mú pa á. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, nígbà tó di ìkẹta, ojú búlúù tí a fi ń ṣe àtúnṣe yọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yọ àtúnṣe tó dé ìdajì yẹn kúrò. Windows gbéra. Ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n lọ ra bátìrì.

Mi ò sọ pé ẹni tó ń fọ́ọ́màtì kò mọṣẹ́. Àkókò rẹ̀ lówó lórí, ọgbọ̀n ẹ̀rọ lè wà níwájú rẹ̀, ó sì mọ iye ìṣẹ́jú tí fọ́ọ́màtì máa gbà. Kò mọ iye tí ìwádìí máa gbà, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ sanwó ìwádìí. Nígbà míì, pàápàá tí kòkòrò bá ti jẹ inú rẹ̀ tán, fọ́ọ́màtì náà ló kù. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kó ẹrù yín jáde. Tẹ́ni tẹ́ ẹ gbé e fún ò bá bi yín pé ó há síbo, ẹ sọ fún un láìbèèrè. Tí kò bá fẹ́ gbọ́, ẹ gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá ẹ̀ka wa sọ, kí wọ́n má bínú sí mi. Tí mo bá fẹ́ parí, ẹ̀dà mẹ́ta prójẹ́ẹ̀tì mi tí wọ́n di ní ẹ̀yìn líle ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ohùn. Mélòó nínú ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń ka èyí lẹ gba ohùn àwọn àgbà ìlú yín sílẹ̀ lọ́dún tẹ́ ẹ jáde? Ibo ló wà? Ó lè wà lórí lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fọ́ọ́màtì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Dísìkì kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tí wọ́n tì mọ́ inú ọ́fíìsì, lè gba ohùn gbogbo wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n kàn ní kẹ́nikẹ́ni má gba ìbuwọ́lù ìkẹyìn láìjẹ́ pé ó ti kó ohùn rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà lè dá owó ẹ̀.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan sórí fílásì, ọ̀kan sórí Google Drive, dátà mi sì tán níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fáìlì ìyá Ayétòrò. Mo ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ó sún àga, ó wá bèèrè pé, "Ṣé ó ti ń gbà á?" Mo gbọ́ ohùn ara mi tó dáhùn pé, "Ó ti ń gbà á, mà. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."